Ibi Tí Ohùn Ti Ń Wọlé

Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì nítòsí Àkábà, ní Kétu,
ní kí n mú èyí tó wù mí. Mẹ́ta ló tẹ́ sórí pákó:
ọ̀kan pọ́n bí osùn,
ọ̀kan rí rẹ́súrẹ́sú bí omi aró ọjọ́ kẹta,
ìkẹta ní àwọ̀ ewé ẹ̀gẹ́.
Mo bi í pé, "Èwo ló mọ Àgọ́-Ìrókò nínú wọn?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo wọn ló mọ gbogbo ayé.
Mo ní n kò bèèrè ayé. Ẹ̀yìnkùlé mi ni mò ń bèèrè.

Mo ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo dì wọ́n mọ́ etí ìró.
Owó ẹ̀gẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì bá a lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé fóònù káàkiri
bí ẹni tó ń wá adìyẹ tó lọ sàba sígbó.

Pupa ni mo kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Kò ka inú ilé mi sí.
Lábẹ́ igi irúgbá, igi méjì yọ lójú rẹ̀;
mo sún ẹsẹ̀ kan, ó kú.
Ó tún jí nígbà tí mo dé ibojì Oyèékàn,
igi mẹ́rin gbáko, ó dúró ṣinṣin lórí sìmẹ́ńtì.
Mo wò ó títí.
Ọkùnrin tí mo máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹta
kó tó dáhùn "Hẹ̀n?" lẹ́ẹ̀kan,
òun náà ló wá di òpó ohùn!
N kò lè máa jókòó lé e láyà
kí n máa bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun.

Aró ńkọ́? Aró ò mọ ààlà.
Mo dé etí oko báyìí, fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi,
ó ní ẹ káàbọ̀ sí Nàìjíríà.
Èmi tí n kò kúrò lórí ebè mi!
Bàbá mi gbin ẹ̀gẹ́ síbí, ó gbin iṣu sọ́hùn-ún,
ẹnikẹ́ni ò kí i káàbọ̀ rí.
Kí n tó wí pé, "Ògúsítì, ìyá rẹ ni,"
ó ti jẹ kíréédì mi bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu.
Rẹ́sò là ń pè é lápá tiwa,
nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é lápá tiwọn;
orúkọ méjì, àìsí kan náà.

Ó ku ewé.
Ilé ìdáná, rárá. Ẹnu ọ̀nà, rárá.
Ó ń fà mí lọ bí ajá tó gbóòórùn ẹran,
ó fà mí dé iwájú ilé Ìyá Fẹ́lísì.
Ibẹ̀ ló ti là.
Igi márùn-ún.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ sódò
kí n má baà kí obìnrin yìí.
Ọ̀rọ̀ agbada gàrí ni. Ẹ má bi mí.
Ó jókòó, ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò gbójú sókè.
Èmi náà di fóònù mọ́ etí bí ẹni tí etí ń ro.
Ó ń dún. Ó ń dún ní Párákú.
"Màmá? Ohùn yín mà dá ṣáká o! Níbo lẹ wà?"

Níbo ni mo wà.
Ọ̀bẹ Ìyá Fẹ́lísì dúró nínú ẹ̀gẹ́.
"Ojúde Ìyá Fẹ́lísì ni mo wà."
"Ẹ bá mi kí wọn."

Mo gbé fóònù kúrò létí. Mo ní, "Ògúsítì kí yín."
Ó fẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi, kò wò mí.
"Ẹ jókòó. Kíréédì kì í dúró deni."

Pupa wà nínú agolo bọ́tìnnì. Aró, mo fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi ṣeré.
Ẹsẹ̀ kan ń mì lára àpótí yẹn.
Lọ́la, n ó mú òkúta tí n ó fi há a dání lọ.