Gáréèjì Ẹ̀yìn Ilé, ní Hull

Ìkúùkù ni mo fi bá wọn sọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́,
lára ògiri: gbì, gbì-gbì.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, oorun ń kùn mí,
gìtá ń han bí irin tí ayùn ń rẹ́.
Dẹ́klan yọjú. "Ẹ forí jì mí, nọ́ọ̀sì."
Ó wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ilé ọtí etí odò ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣeré:
ènìyàn mọ́kànlá, ajá kan.
Ajá náà ló dúró dé òpin.

Bọ́ọ̀sì àlòkù wọn kú sí Leeds,
ó jí, ó tún kú sí Carlisle.
Rọ́pátì onílù fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ ń ta ẹja.
"Orin kì í san owó iná," ó wí.
Èmi náà mi orí.

Lánàá, lórí tẹlifíṣọ̀n, olóòtú ní òjijì ni òkìkí wọn kàn.
Òjijì? Ọdún mọ́kàndínlógún!
Pápá bọ́ọ̀lù kún fọ́fọ́,
òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó kúrò.
Dẹ́klan ti ń hu ewú.
Ìlù bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lanu,
gbì, gbì-gbì,
mo sì wo ọwọ́ mi.