Ta Ni Ó Jọ Ta?

Oṣù kẹrin, ní Swansea, ilẹ̀ ṣì tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.
Emlyn kúnlẹ̀ nínú oko rẹ̀ tí kò ju yàrá méjì lọ,
ó ń fi ọ̀bẹ àtijọ́ wú ewé kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ,
òdòdó rẹ̀ dà bí ẹyin tí wọ́n fọ́ sórí koríko.

“Eyín kìnnìún,” ni ó wí. Ó fi èékánná tọ́ etí ewé náà,
ṣákaṣàka bí ayùn.
Mo wo òkè, mo wo òkun.
Kìnnìún wo ló gba ibí kọjá?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun kò pè é bẹ́ẹ̀ rí,
Atọ̀ọ́lé ni ìyá òun ń pè é:
ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án lálẹ́, ẹní rẹ̀ á rojọ́ láàárọ̀.

Nínú ìwé ńlá tí omi ti mú wú, Taraxacum officinale ni,
orúkọ tó wọ kóòtù, tó de táì.
A bọ́ kóòtù náà. Àwọn kan ní ewé kíkorò ni àkọ́kọ́,
láti ẹnu Lárúbáwá;
èkejì, ti yàrá oògùn.
Ojú ló rí eyín. Ahọ́n ló sọ èyí.

Èmi ti mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà pé yánrin ni,
tàbí àbúrò yánrin,
èyí tí ìyá àgbà mi ń já lẹ́yìn ilé ní Ìgbájọ,
tó ń bọ̀, tó ń fún omi kíkorò rẹ̀ dànù,
tó ń ní, “Má fajú ro sí i, ẹ̀jẹ̀ ló ń fún ni.”

Mo yọ fóònù, mo wá tiwa.
Launaea taraxacifolia:
orúkọ Faransé kan tí kò mọ ọ̀nà Ìgbájọ,
àti “ẹni tí ewé rẹ̀ jọ ti Taraxacum”.

Ó jọ ọ́ kẹ̀?
Èmi tí mo jẹ yánrin kí n tó gbọ́ pé Swansea wà!
Tiyín ló jọ tiwa, ẹ lọ tún ìwé yín kọ.
Emlyn ní òun á bá wọn sọ ọ́.

Ó gé igi pẹlẹbẹ, ó kọ YANRIN sí i, ó rì í mọ́lẹ̀.
Kò sí àmì lórí rẹ̀.
Mo ní, báyìí, ohun tó wà létí òkun yẹn ni wọ́n máa kà.
Mo gba báírò, mo fi àmì kan ṣoṣo lé e lórí
bí ẹni ń dé fìlà fún ìkókó nínú òtútù.

Mo di ewé tó kù sínú ọ̀rá.
Tó bá hó lálẹ́ yìí, n ó mọ èyí tó jọ èyí.