Àwọ̀ Tí Láyíwọlá Ò Rí

Aago méjì òru ti lù kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́,
iná ìjọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́,
bátìrì mi ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo jókòó sí yàrá kan lẹ́yìn Tákíè,
mò ń kọ ìwé ìlò fún ẹ̀rọ tí í wá kòkòrò.

Kì í ṣe kòkòrò tí í jẹ ẹ̀wà o.
Èyí tí í ba sínú ètò kọ̀ǹpútà ni,
tí owó oṣù ẹni á fi sọnù tí a ò ní mọ ẹni tó jí i.
Ẹ̀rọ náà ò ní bọ́tìnnì, kò ní àwòrán,
ojú dúdú lásán, àmì kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀:
o pàṣẹ, ó fèsì,
bó bá sì ń fèsì, àwọ̀ ló fi ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n sọ ohun tí kálukú lè wọ̀.
Orúkọ fáìlì, àwọ̀ ewé.
Orúkọ iṣẹ́, pupa rúsúrúsú.
Àdírẹ́sì inú ọpọlọ ẹ̀rọ, àwọ̀ aró.
Mo wá dé orí ọ̀kan tí kì í ṣe aró, tí kì í ṣe ewé,
ìka mi dúró.
Mo rántí ìyá ìyá mi, tó ń rẹ aṣọ kó tó fọ́jú:
èyí tó bá wọ inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan péré, tó jáde,
òféfèé ló ń pè é.
Mo kọ òféfèé.
Mo wò ó títí, bí ẹni tó jí nǹkan.

Ti bí lẹ́tà ṣe ń nípọn, Bàbá Oyèdòkun ni mo bi,
ẹni tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù l'Ápákè láti ọjọ́ tó ti pẹ́.
Kò bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó ní:
"Èyí tó nípọn ń ké.
Èyí tó wà bó ṣe wà ń sọ̀rọ̀.
Èyí tó ṣá, má kọ ọ́ fún ẹni tó bá jẹ ọ́ lówó."

Ilẹ̀ mọ́, mo fi ránṣẹ́ sí Láyíwọlá ní Àrádà.
Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà:
bí àṣìṣe bá wà, wo ìlà tó pupa.
Ó pè mí. "Èwo ló pupa níbẹ̀?"
Mo rẹ́rìn-ín.
Òun ò rẹ́rìn-ín.
"Pupa àti ewé, ọ̀kan náà ni lójú mi. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.
Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa,
mo ní láti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti pọ́n."

Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń bu búrẹ́dì kan náà jẹ.
Ọdún mẹ́fà tí mo ń kígbe "wo èyí tó pupa yẹn!"
tí ó ń dákẹ́, tí ó ń ka gbogbo ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo sì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ò yá.

Mo pa gbólóhùn náà rẹ́.
Mo kọ: wo ìlà tó nípọn, tí ọ̀rọ̀ náà "àṣìṣe" ṣáájú rẹ̀.
Àṣẹ tí í pa gbogbo àwọ̀
wà ní ojú ìwé kẹtàdínlógún,
bí àga àlejò tí a fi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mo gbé e wá sí ojú ìwé kìíní.

Mo tún bi í léèrè nípa òféfèé, ṣé kí n yọ ọ́,
ṣé àwọn ọmọ ìsinsìnyí á mọ̀ ọ́n.
"Ìyẹn ni mo rí dáadáa jù nínú gbogbo wọn," ó ní.
"N ò kàn mọ̀ pé ó lórúkọ ni."