Aró Tí Kò Gbọdọ̀ Yọ

Sayo, ọwọ́ tí mo fi tọ́ ọ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́,
ọṣẹ kò ràn án.
Nígbà tí o wà ní kékeré, o ní kí n máa kì í bàpò
bí mo bá wá mú ọ níléèwé.
Lónìí o pè mí wá sí Tokuṣima, sí yàrá ìṣèwádìí,
o da ìyẹ̀fun sórí àwo gíláàsì, o ní,
"Bàbá, ẹ wò ó, iṣẹ́ yín rèé."

Mo wò ó. N kò gbọ́ òórùn ewé tó ń jẹrà.
Bátìrì wo ló ń mu ẹ̀lú?

Èmi tí bátìrì ti bá jà rí!
Kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń gun òkè Kamiyama,
mo so ó mọ́ iná lálẹ́ bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn,
mo sùn.
Ó wú, ó tu èéfín funfun.
A da omi sí i, ńṣe ló ń pòṣé.
Ilé aró bàbá bàbá mi, títí kan pátákó Inubuṣi lẹ́nu ọ̀nà,
ó jóná tán kí àkùkọ tó kọ.
Wọ́n ní iná kú, ó feérú bojú.
N kò jẹ́ kó bojú. Mo kó eérú ọ̀hún, mo sẹ́ ẹ,
mo fi omi rẹ̀ bọ́ ìkòkò mẹ́rin tó kù nínú ilẹ̀.
Aró ọdún yẹn jinlẹ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ.
Ìwọ kò sọ nǹkan kan. O gbé àpá ọrùn-ọwọ́ rẹ lọ sí yunifásítì.

O ní àlejò ni lítíọ̀mù, òní níhìn-ín, ọ̀la lọ́hùn-ún,
ó ń wá ẹní tí yóò jókòó lé.
Ẹní onírin tí a ń wà nínú kòtò,
bí ooru bá mú un, a máa mí èémí tí iná fẹ́ràn.
O fẹ́ fi ewé hun tìrẹ.
Mo ní, "Àlejò tó ń lọ tó ń bọ̀, ṣé kò ní gbó ẹní?"
O rẹ́rìn-ín. Gbígbó kọ́. Aró ló ń yọ,
ó ń yọ sínú omi bátìrì bí aṣọ tí ọ̀lẹ rẹ;
lẹ́yìn àlọ àtàbọ̀ ogójì, ó ti gbàgbé ìdajì ohun tó gbé.

Háà! Mo fa àga, mo jókòó.
Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń bá yíyọ jà.
O ní ẹ ti fi iyọ̀ dè é. Ó dáa.
Mo ní ẹ má kánjú: ẹ rì í, ẹ gbé e, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ẹ tún un rì.
O kọ ọ́ sílẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀rọ ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà o mú ìṣó, o kàn án mọ́ ọ̀kan láàárín.
Mo ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Kò sí èéfín. Kò pòṣé.
Ẹ̀kán omi kan ló yọ, dúdú, ó rọra.

Gílóòbù kékeré nìkan ló lè tàn, kò tíì lè gun òkè.
Ó di ọdún mẹ́wàá, lo wí.
Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí; ẹsẹ̀ ni mo fi ń ti kẹ̀kẹ́ mi.

O sìn mí dé ibùdókọ̀. Èékánná rẹ dúdú.
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá,
o kò ki ọwọ́ bàpò.