Ọmọ-Ogun Iwájú Ayaba

Ní gbọ̀ngàn Òkè-Lísà, tábìlì kẹrin,
Ìbídùn ọmọ oníkòkó
fi ọmọ-ogun iwájú ayaba fo ilé méjì, ó tẹ aago.
Ó tún ti òmíràn síwájú mi lọ́fẹ̀ẹ́;
mo jẹ ẹ́. Ta ní í kọ ọ̀fẹ́?

Òjò ń lu páànù. Ẹṣin mi há síbi ògiri.
Ó ń jẹ gúgúrú, kò wojú mi.
Ọmọ-ogun àkọ́kọ́ yẹn ṣì ń rìn,
ilé kan, ilé kan,
bí àgbẹ̀ tí kì í sáré fún òjò.

Ó dé ìlà mi. Ó di ayaba.
Kí ni n ó wí? Oǹdó nìyí,
obìnrin ló kọ́kọ́ jọba níbí.

Mo nawọ́.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iyọ̀ wà lọ́wọ́ mi."