Ọmọ-ọmọ Òṣómàáló

Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní Òkèṣà,
fèrèsé kan tó kọjú sí òpó iná tó tẹ̀,
gíláàsì mẹ́ta lórí tábìlì, àti èmi:
ibẹ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ igba ó lé mẹ́tàdínlógún.
Ọ̀pọ̀ wọn, n ò fọwọ́ kàn wọ́n rí.
Ti ọsibítù ní Ìmọ̀, ti bánkì kékeré ní Ẹrẹ́jà,
ti iléèwé ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
ti onírin kan ní Ìbòdì tó ń pè mí ní Ayọjúsíléèmi.

Ọ̀gá Fámúrewà ló ra sọ́fúwíà náà.
Ó sanwó ọdún kan, ó ní, "Ó tán, a ti bọ́,"
ó wá pa á tì bí ẹni tó ra màlúù torí ìrù.
Gbogbo agogo inú rẹ̀ ló tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan:
ìǹkì tán, ó ké.
Ẹnìkan ṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé tẹ̀, ó ké.
Iná lọ ní Ìbòdì (ìgbà wo ni iná ò lọ ní Ìbòdì?), ó ké.
Ìkìlọ̀ ẹgbẹ̀rin lóòjọ́, pupa lórí pupa,
títí pupa fi mọ́ mi lára
bí fèrè tírélà ṣe ń mọ́ ọmọ ẹ̀bá títì lára tó fi ń sùn.

Mo rántí Bàbá Àgbà, Ajéwọlé aláṣọ,
tó ń ti Iléṣà lọ dé Ìkìrun, dé Ọ̀fà,
tó ń fi aṣọ sílẹ̀ láwìn, tó ń padà lọ gbowó.
Òṣòó ló máa ń ló lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kì í gba àga.
Ṣùgbọ́n kì í kan gbogbo ilẹ̀kùn bákan náà.
Ó mọ̀ pé aránṣọ Ìkìrun ò lówó àfi ọjọ́ kejì ọjà,
pé opó Ọ̀fà yóò san, bó pẹ́ bó yá, má halẹ̀ mọ́ ọn.
Ó sọ fún mi, èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ:
"Onígbèsè tó ń bú ọ ṣì wà nílé.
Èyí tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ ni kóo dìde lọ wò."

Mo bá ra ìwé aláwọ̀ búlúù kan.
Ẹ̀rọ kan, ojú ewé kan.
Sáfà iléèwé máa ń kú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́;
oṣù méjì ni mo fi pè é ní àrùn,
kó tó hàn pé Lámúdù ọlọ́dẹ ló ń yọ ọ́ nídìí iná
kó lè se omi tíì rẹ̀.
Mo ra sọ́kẹ́ẹ̀tì míì fún Lámúdù.
Mo pa ti ìǹkì lẹ́nu mọ́. Mo ní kí ti iná
dúró fún ogún ìṣẹ́jú kó tó ké, jẹnẹrétọ̀ ń bọ̀.
Ẹgbẹ̀rin di ogójì, ogójì di mọ́kànlá.
Ọ̀gá wọlé, ó wo gíláàsì, ó ní, "Ṣé kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?"

Ọjọ́ Ẹtì kan, òjò Agẹmọ ń rọ̀,
ojú mi bọ́ sí Ìmọ̀: àwọ̀ ewé, kò sí wàhálà.
Ẹ̀dà ìwé aláìsàn: ó ti parí. Àná: ó ti parí. Ìjẹta náà.
Ìṣẹ́jú méjì péré lójoojúmọ́, kò lé, kò dín.
Ta ní ń kó ẹrù ilé tó ń kún sí i
tí ìrìn rẹ̀ kì í pẹ́ sí i?

Mo gun ọ̀kadà nínú òjò. Nọ́ọ̀sì Oyèbọ̀lá ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.
Díìsì tó yẹ kó máa gba ẹ̀dà wà nínú dúrọ́ọ̀, nínú ọ̀rá;
ìgbà tí wọ́n ń kun ògiri ni wọ́n ti yọ ọ́, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.
Ẹ̀rọ ń di òfìfo lẹ́rù, ó ń gbé e lọ síbi tí kò sí,
ó ń jábọ̀ pé òun ti dé.

Mo lóṣòó sórí sìmẹ́ńtì, wáyà lọ́wọ́.
Nọ́ọ̀sì gbé àga wá. Mo ní rárá, ẹ ṣé.
Wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ kí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wọlé tán,
orúkọ ń kọjá, aboyún, arúgbó, ọmọ ọwọ́,
ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn pé kí wọ́n padà wá.

Mo délé, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú mọ́ mi lára.
Mo kọ ọ́ sí ojú ewé Ìmọ̀:
Tó bá ní òun ti dé, bi í léèrè ẹrù.
Lórí gíláàsì, Ìbòdì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Iná ti lọ.
Mo fún un ní ogún ìṣẹ́jú rẹ̀.