Ọ̀dà, Ọ̀dá

Èmi ni mo kan férémù rẹ̀ àkọ́kọ́,
igi páìnì, ìṣó mẹ́jọ, gọ́ọ̀mù díẹ̀.
Arlys Tveit kò ní kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà;
búrẹ́dì gbígbóná méjì ló fi san án,
torí òru ló fi ń po ìyẹ̀fun
nílé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn èbúté Duluth,
ọ̀sán ló fi ń kun adágún.

Adágún kan ṣoṣo. Fèrèsé kan ṣoṣo.
Ọdún mọ́kànlélógójì.
Bàbá rẹ̀ bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń kó òkúta irin
gba orí omi yẹn kọjá.
Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ọkọ̀ ò wọlé.
A kì í bi í léèrè. Òun náà kì í sọ.
Ó kàn ń kùn ún ni:
ó kùn ún láfẹ̀mọ́júmọ́, ó kùn ún nígbà tí omi di yìnyín,
ó kùn ún títí, kò kún,
á ní ó ku díẹ̀.

Ọ̀dà ń bẹ lọ́wọ́, ọ̀dá ń bẹ nílé.
Mo rántí ọdún tí ọ̀dà búlúù wọ́n ju ẹran lọ,
tó ra búlúù, tí ìkòkò ò rí ẹran.
Gordon ọkọ rẹ̀ kó ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀,
ó ní, "Omi yìí ni kí o máa fẹ́."
Arlys fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tán
kó tó jókòó sunkún.
Mo wà níbẹ̀. Férémù ni mo gbé wá,
mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Niú Yọ́ọ̀kì pè é lẹ́ẹ̀kan.
Kúbùsù ìyá mi la fi wé àwòrán mẹ́rìnlá.
Wọ́n jẹ wàràkàṣì, wọ́n mu wáìnì,
wọ́n kẹ̀yìn sí ògiri.
Ìwé ìròyìn kan kọ ìlà méjì péré:
eérú ni, ó sì pọ̀ jù.
Mẹ́rìnlá la gbé lọ, mẹ́rìnlá la gbé bọ̀.

Dókítà eyín kan lódìkejì afárá, Lindqvist,
ló mú ọ̀kan. Eyín mẹ́ta ló fi dí i fún un.
Ó gbé e kọ́ síbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró,
ibẹ̀ lojú ti wá ń rí i:
awakọ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú,
ọmọdé tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú pinpin.
Ẹni tí akokoro ń jẹ kì í ṣojú ayé fún àwòrán.
Lindqvist ní àwọn kan máa ń tètè dé
kí wọ́n lè bá omi náà jókòó.

Ó di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin
kí àwọn Ṣikágò tó kọ̀wé.
Eérú àná, àṣé fàdákà ni!
Owó dé. Arlys ra sítóòfù, ó ra bàtà òtútù.
Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ti ilé eléyín náà,
àwọn aláìsàn yarí kanlẹ̀.
Arlys ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.
Àwọn yẹn ò kẹ̀yìn sí i rí."

Lánàá mo gbé férémù lọ fún un.
Ó fi ìka tó ti wọ́ hàn mí:
ẹ̀kán dúdú kan, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí omi ti pàdé ọ̀run,
kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.
Ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀, mi ò béèrè.
Mo kan ìṣó mẹ́jọ.
Ó bu búrẹ́dì sí méjì,
ó ní ó ku díẹ̀.